Àrokò Tí Ń Pàṣẹ Fún Ẹ̀jẹ̀



Bí aláboyún kan ní Ìwópin bá gbé agbọ̀n ẹja láti etí ọ̀sà, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí òòyì sì ń kọ́ ọ, a máa ń sọ pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fa ìpéǹpéjú rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá funfun dípò kí ó pọ́n, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má tó.

Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá

Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ tí a lè pè ní ìyá sẹ́ẹ̀lì, nítorí pé wọ́n ń bí ọmọ láìdáwọ́ dúró. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò tíì yan iṣẹ́. Òmíràn lè di ẹ̀jẹ̀ pupa tí ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara, òmíràn lè di ẹ̀jẹ̀ funfun tí ń bá àrùn jà.

Àwọn èròjà kan ni ó ń jẹ́ àrokò fún wọn. Nígbà tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ bá dín kù, kíndìnrín a fi èròjà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní erythropoietin ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ti kọrí sí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pupa ni ó mọ àrokò yìí kà. Kò ní jẹ́ kí wọ́n kú. Wọn a pọ̀ sí i, wọn a sì gbó di ẹ̀jẹ̀ pupa. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í sábà tó lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́. Bí àrùn bá wọ ara, àrokò mìíràn ni yóò pe ẹ̀jẹ̀ funfun.

Àrokò nìkan kò tó

Bí a bá rán bíríkìlà níṣẹ́ láìfún un ní sìmẹ́ǹtì, ilé kò lè dìde. Èròjà irin àti folic acid ni sìmẹ́ǹtì ẹ̀jẹ̀. Ọmọ inú oyún ń gba èròjà irin lára ìyá rẹ̀. Ibà ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa jẹ́. Aràn sì ń fa ẹ̀jẹ̀ mu.

Fòníkú-fọ̀ladìde

Ní ti ọmọ tí ó jẹ́ SS, àrokò ń dé, mùdùnmúdùn sì ń ṣe làálàá, ṣùgbọ́n ohun tí ìyá sẹ́ẹ̀lì jogún ni ó lábùkù. Ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó yẹ kí ó lo nǹkan bí 120 ọjọ́ a máa bàjẹ́ láàárín 10 sí 20 ọjọ́. Ní ọdún 2011, Ilé Ìwòsàn Olùkọ́ni ti Yunifásítì Bìnì fi ìyá sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn rọ́pò ti ọmọdé kan tí ó ní àrùn yìí. Iṣẹ́ ńlá ni, owó rẹ̀ sì ga. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣáájú ìgbéyàwó kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ àti aya bá jẹ́ AS, oyún 1 nínú 4 ni ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ SS.

Ohun tí ẹ ó ṣe

1. Aláboyún, ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kí ẹ sì máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fún yín lójoojúmọ́. Bí ìgbẹ́ yín bá dúdú, ẹ má torí rẹ̀ dá a dúró.

2. Ẹ má ta gbogbo ẹja tán. Ẹ fi ti aláboyún àti ti ọmọdé sílẹ̀. Ẹ jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, kí ẹ sì fi ọsàn tẹ̀ lé e.

3. Ẹ máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn.

4. Ẹ má fún ọmọ tí ó jẹ́ SS ní oògùn èròjà irin àfi bí dókítà bá ní kí ẹ fún un.

5. Bí ojú ọmọ bá funfun, tí ó sì ń mí kíákíá, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí ọkọ̀ ojú omi ni ẹ ó bá wọ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà.

Ara mọ iṣẹ́ rẹ̀. Tiwa ni kí a má jẹ́ kí ohun èlò wọ́n ọn.