Ìpìlẹ̀ Ìṣàkóso Aláìfiṣòfò: Ojúṣe Olùkọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́ ní Port Harcourt

Ìfáàrà
Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń kọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́ ní Ìpínlẹ̀ Rivers ló ń retí iṣẹ́ ní Trans-Amadi, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ Port Harcourt pọ̀ sí. Níbẹ̀, wọ́n lè bá ìṣàkóso aláìfiṣòfò pàdé, èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní lean management. Bí òṣìṣẹ́ bá gbọ́ orúkọ yìí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé wọ́n fẹ́ lé àwọn kan lẹ́nu iṣẹ́. Èrò wa ni pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí, àti pé inú yàrá iṣẹ́ tiwa ló yẹ kí a ti fi í lélẹ̀.

Orísun rẹ̀
Ìdí ẹ̀rọ ìhunṣọ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1924, ní Japan, Sakichi Toyoda ṣe ẹ̀rọ kan tí ń dá ara rẹ̀ dúró bí òwú bá já. Ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn mọ ọgbọ́n yìí: bí òwú bá já, yóò dáwọ́ dúró, yóò so ó, kí àbùkù má baà wọ inú aṣọ. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Taiichi Ohno fi ọgbọ́n náà ṣe òpó kan nínú ètò iṣẹ́ Toyota: òṣìṣẹ́ tó bá rí àṣìṣe lè dá iṣẹ́ dúró. Òpó kejì ni pé kí a ṣe kìkì ohun tí a nílò, ní àsìkò tí a nílò rẹ̀.

Ohun tí à ń gbógun tì
Ohno ka ìfiṣòfò méje: ṣíṣe ọjà ju bó ṣe yẹ lọ, ìdúró lásán, gbígbé ẹrù kiri, àṣejù lórí iṣẹ́, ìkójọ ohun èlò, ìrìnkurìn, àti iṣẹ́ alábùkù. Òṣìṣẹ́ kò sí nínú wọn. Toyota náà ti rí ọṣẹ́ tí ìdínkù òṣìṣẹ́ ń ṣe. Ní 1950, ìyanṣẹ́lódì lé lórí rẹ̀, Kiichiro Toyoda tó jẹ́ olórí ilé-iṣẹ́ náà sì fi ipò sílẹ̀. Ẹni tí ń bẹ̀rù pé wọn yóò lé òun kò ní jẹ́wọ́ àṣìṣe. Bí kò bá sì sí ìjẹ́wọ́, òpó àkọ́kọ́ ti wó.

Nínú yàrá iṣẹ́ wa
Bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá bá ń wá òòlù kan, ìdúró lásán àti ìrìnkurìn nìyẹn. A dá àbá mẹ́ta. Kí gbogbo irinṣẹ́ ní àyè tirẹ̀ lára ògiri, kí a ya àwòrán rẹ̀ síbẹ̀, kí èyí tó sọnù lè hàn kíá. Kí a kọ ìgbésẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ibi tí gbogbo ojú yóò ti rí i. Kí a máa bi ara wa pé "kí ló fà á?" títí a ó fi dé ìdí àṣìṣe, dípò kí a máa wá ẹni tí a ó dá lẹ́bi. Òótọ́ ni pé ọgbọ́n yìí kò lè mú iná mọ̀nàmọ́ná wá, ṣùgbọ́n àwọn àbá wọ̀nyí kò dúró de iná.

Ìkádìí
Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bú nítorí pé ó jẹ́wọ́ àṣìṣe yóò kọ́ bí a ṣe ń fi àṣìṣe pamọ́. Ní ìlú epo àti gáàsì bíi Port Harcourt, àṣìṣe tí a fi pamọ́ lè gba ẹ̀mí.