Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Dísù mélòó ni katakata agékoríko ń jẹ?

Àwọn kan ní jálá kan ò lè gé pápá bọ́ọ̀lù kan tán. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Pápá tó pé wọ̀n gùn tó mítà 105, ó fẹ̀ tó mítà 68. Katakata kékeré tí abẹ rẹ̀ fẹ̀ ju mítà kan lọ díẹ̀ á gé e ní bíi wákàtí kan ààbọ̀. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ lítà 2 sí 4 ní wákàtí kan. Lítà 3 sí 6 nìyẹn. Jálá kan lè tó, ó sì lè má tó!

Kí ló ń fa ìyàtọ̀?

1. Abẹ. Èyí tó ti kú kì í gé koríko, ńṣe ló ń fà á ya. Ẹ́ńjìnnì á máa kérora, dísù á máa lọ. Ẹ pọ́n ọn.

2. Òjò. Láti oṣù kẹrin, koríko Ìjẹ̀bú-Òde kì í sinmi. Ẹni tó ń tọ́jú ọgbà ńlá bíi ti yunifásítì Tai Solarin ní Ìjàgun mọ̀ ọ́n. Ẹ má jẹ́ kó dé orúnkún, torí koríko tó ga ń jẹ dísù. Bó bá ti ga jù, ẹ kọ́kọ́ gbé abẹ sókè, kí ẹ wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ sì jẹ́ kí ìrì gbẹ: koríko tútù ń dí abẹ.

3. Fítà afẹ́fẹ́. Ẹ gbọn eruku rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì má bàa fi dísù ṣòfò.

Ti ọgbà kékeré ńkọ́? Ẹ̀rọ àfọwọ́tì ti tó o.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí alámòójútó pápá ilé ẹ̀kọ́ yín. Lítà mélòó ni tiyín ń jẹ?