Awò ọ̀nà jíjìn fún ọmọdé: èyí tó tóbi jù kọ́ ló dára jù

Bí ọmọ-ọmọ yín bá ń yọ yín lẹ́nu pé òun fẹ́ rí ẹ̀gà orí ọ̀pẹ dáadáa, ẹ má sáré ra awò olójú méjì tó tóbi jù lọ́jà.

Ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀ ná. Bí wọ́n bá kọ 6x21, 6 ni iye ìgbà tí yóò fa nǹkan súnmọ́ni. 21 ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú ní mìlímítà. Mẹ́fà tó ọmọdé. Bó bá ti di 10, ọwọ́ ọmọ á máa gbọ̀n, ẹyẹ á sì máa jó nínú awò.

Ojú ọmọdé tún súnmọ́ra ju ti àgbà lọ. Awò tí kò bá ṣeé ká pọ̀ dáadáa, ojú kan ṣoṣo ni yóò máa fi wò ó. Ọ̀pọ̀ òbí kì í yẹ èyí wò. Ẹ gbé e kọ́ ọ lọ́rùn kí ẹ tó sanwó. Bó bá wúwo, kò ní í pẹ́ sú u.

Èyí tó ba èmi lẹ́rù jù ni oòrùn. Ẹni tó bá fi awò yìí wo oòrùn, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó láti ba ojú rẹ̀ jẹ́ títí ayé. Bí lékeléke bá ń fò lọ síbi tí oòrùn ti ń wọ̀, ẹ tètè gba awò lọ́wọ́ ọmọ.