“Kò Sí Ọta Nínú Rẹ̀”

Ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 1978, ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà, Terry Kath tó ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ olórin Chicago jókòó sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó ń fi ìbọn ṣeré. Ó kọ́kọ́ gbé ìbọn kan tó ṣófo sí ẹ̀gbẹ́ orí, ó fà á, kò ṣe nǹkan kan. Ló bá mú ìbọn ìléwọ́ kejì. Ọkàn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò balẹ̀. Kath yọ mágásíìnì ìbọn náà, ó fi hàn án pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó dá a padà, ó gbé ẹnu ìbọn sí orí, ó sì fà á. Ibẹ̀ ló kú sí. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ló kù kó pé ọmọ ọdún 32.

Kath kò purọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, mágásíìnì ṣófo lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi méjì ni ọta ń gbé nínú irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Ìkíní ni mágásíìnì, àpótí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń tì bọ inú ibi tí ọwọ́ ti ń di ìbọn mú. Ìkejì ni ìdí ọ̀pá ìbọn fúnra rẹ̀, ihò kan tí kò gbà ju ọta ẹyọ kan lọ, níbi tí ọta ń dúró sí de ìgbà tí a óò fà á. Bí a bá fa irin òkè ìbọn sẹ́yìn tí a jọ̀wọ́ rẹ̀, yóò ti ọta kan láti inú mágásíìnì bọ inú ihò náà. Láti ìgbà yẹn, mágásíìnì kò mọ nǹkan kan nípa ọta yẹn mọ́. Ẹ lè yọ ọ́ kí ẹ jù ú sódò, ọta kan ṣì wà nílé. AK-47 tí àwọn ọlọ́pàá wa ń gbé kọ́rùn náà kò yàtọ̀. Mágásíìnì rẹ̀ tó wọ́pọ̀ ń gba ọta 30, ṣùgbọ́n ẹyọ kan tó ṣẹ́kù sínú ọ̀pá ló ń ṣọṣẹ́ lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti gbà pé ìbọn ti di igi lásán.

Ìdí nìyí tí ètò yíyẹ ìbọn wò kò fi ṣe é yí padà. Mágásíìnì ni à ń kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ni à ń fa irin sẹ́yìn kí ọta inú ihò lè jábọ́, kí á wá fi ojú wo ihò náà, kí á sì fi ìka kàn án. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fa irin, tó rí i pé ọta kan jábọ́, tó wá yọ mágásíìnì lẹ́yìn rẹ̀, kò tíì ṣe nǹkan kan. Bí irin yẹn ṣe padà sáyè rẹ̀ ló ti gbé ọta mìíràn wọlé. Ẹni náà á fi gbogbo ẹnu sọ pé kò sí ọta nínú rẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ ló ṣe tí ọta fi bọ́ sílẹ̀.

Ṣakabùlà ló pọ̀ jù nílé wa, yíyẹ̀ ẹ́ wò sì tún le ju ti ìbọn onímágásíìnì lọ, nítorí kò ní ibì kankan tí a lè ṣí wò. Ẹnu rẹ̀ la ti ń kì í. A ó da ẹ̀tù sí i, a ó fi àkísà tàbí òwú dí i, a ó da ọta lé e, a ó tún dí i, a ó sì fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀ dáadáa. Ní ìdí rẹ̀ lóde, ìdérí bàbà kékeré kan wà tó dà bí fìlà ọmọláńgidi. Bí òòlù ìbọn bá lu ìdérí yìí, iná á ṣẹ́, á gba ihò wínníwínní kan wọlé, ẹ̀tù á gbiná, èéfín gbígbóná tó ti inú ẹ̀tù jáde á sì wá ọ̀nà àbájáde. Ẹnu ìbọn nìkan ni ọ̀nà tó wà, ọta ló sì dí i.

Ọ̀pọ̀ rò pé bí àwọn bá ti yọ fìlà bàbà yẹn, ìbọn ti sùn. Kò sùn o. Ẹ̀tù àti ọta ṣì wà níbi tí wọ́n wà, bí ọ̀rinrin kò bá sì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀tù, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó má bàjẹ́. Ìbọn tí bàbá ọdẹ kì lọ́jọ́ tó lọ sóko kẹ́yìn, tó gbé rọ̀ sára ògiri, tó sì kú, ìbọn náà kò bá a kú. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń wá ohun ìṣeré ni yóò bá a níbẹ̀.

Nínú agboolé tí mo dàgbà sí, ọ̀nà kan ni bàbá wa àgbà fi ń mọ̀. Ó máa ń ti ọ̀pá tó fi ń ki ìbọn bọ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi kanlẹ̀, á fi èékánná sàmì sí ibi tí ọ̀pá náà ti yọ lẹ́nu ìbọn, á fà á jáde, á wá gbé e tẹ̀gbẹ́ ìbọn lóde, kí àmì náà wà lẹ́nu ìbọn. Bí orí ọ̀pá bá dé ibi fìlà bàbà gẹ́lẹ́, ìbọn ṣófo. Bí ó bá kù díẹ̀ kó débẹ̀, ìwọ̀n ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nǹkan wà nísàlẹ̀. Ohun tí à ń sọ kò ju èyí lọ, ọmọdé pàápàá lè ṣe é, síbẹ̀ mo ti bá àwọn ọdẹ òde òní pàdé tí kò gbọ́ ọ rí.

Ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò lè ki ẹ̀tù tuntun lé ẹ̀tù àná. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa a máa fi páìpù omi rọ ọ̀pá ìbọn, páìpù omi sì ni, a kò ṣe é fún ẹ̀tù ìlọ́po méjì. Bí ó bá bẹ́, ọwọ́ tó dì í mú àti ojú tó ń wò ó ló máa kọ́kọ́ lọ.

Ẹlòmíràn á ní, “Ẹ̀tù lásán ni mo kì, kò sí ọta.” Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe níbi ìṣípà ọdẹ tó ti kú àti nígbà ọdún, ariwo àti èéfín la ń fẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1984, òṣèré Amẹ́ríkà kan, Jon-Erik Hexum, ẹni ọdún 26, gbé ìbọn tó jẹ́ pé ọta aláriwo lásán ló wà nínú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orí, ó fi ń ṣàwàdà láàárín iṣẹ́. Agbára ọta aláriwo náà fọ́ egungun orí rẹ̀ wọ inú ọpọlọ. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ló kú. Ní 1993, ní North Carolina, Brandon Lee, ọmọ Bruce Lee, fara gbọta níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù The Crow, ó sì kú, nítorí orí ọta kan ti há sínú ọ̀pá ìbọn láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó, ẹnì kan kò sì wo inú rẹ̀. Wọ́n wá fi ọta aláriwo sí i, ìyẹn ló ta orí ọta tó há náà jáde sí ọmọkùnrin yẹn níkùn. Níbi ìṣípà, bí òkúta wẹ́wẹ́ bá wà lẹ́nu ìbọn, tàbí bí a bá gbàgbé ọ̀pá tí a fi kì í sínú rẹ̀, ọta nìyẹn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń ní kí ọ̀rẹ́ wọn yìnbọn lu àwọn láti dán oògùn ayẹta wò. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìgbàgbọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni bí ṣakabùlà ṣe máa ń kọ̀. Ẹ̀tù á gba omi, fìlà bàbà á ti gbó, ihò wínníwínní á dí, ọta á yọ̀ jáde lẹ́nu ìbọn tí a dorí rẹ̀ kodò. Bí ó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní oògùn ń ṣiṣẹ́, wọ́n á sì fà á lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà mìíràn pàápàá, iná á ti wọlé, á máa jó díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀tù tútù, ìbọn á wá dún nígbà tí ẹni tó fà á ti ń yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Ìbọn tó bá kọ̀, ẹ dojú rẹ̀ kọ ibi tí kò sí ènìyàn, kí ẹ sì dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ti ìbọn tí à ń yìn sókè níbi ìnáwó kò gùn. Ọta tó gòkè ń bọ̀ wálẹ̀. Èyí tó lọ tààrà máa ń balẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 90 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n 60 ti tó láti gún awọ ara. Èyí tó lọ ní ìdagun ń bọ̀ pẹ̀lú agbára tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ku “ìbọn ṣèṣì yìn,” tí à ń gbọ́ lẹ́yìn tí ọlọ́pàá bá ti pa awakọ̀ kan lójú ọ̀nà. Ìbọn tí ara rẹ̀ dá kì í sábà yìn fúnra rẹ̀, ìka ló ń fà á. Ẹni tí ìka rẹ̀ wà lórí irin ìfà, bí ó bá kọsẹ̀, bí nǹkan bá já a láyà, tàbí bí ó bá fi ọwọ́ kejì fa ènìyàn láṣọ, ọwọ́ méjèèjì ló máa dì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìka fi gbọ́dọ̀ nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn títí di ìgbà tí a ti pinnu láti yìn ín.

Òfin Ìbọn orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1959 ní kí ẹni tó ní ìbọn, ṣakabùlà pẹ̀lú, gba ìwé àṣẹ. Ìwé náà kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohun tí mo kọ sókè yìí. Ìdílé àti ẹgbẹ́ ọdẹ ló ń kọ́ni níjọ́un. Bí bàbá wa àgbà bá fẹ́ gbé ìbọn fún àbúrò rẹ̀, á kọ́kọ́ ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ lójú rẹ̀, á fi hàn án. Àbúrò á gba ìbọn, á kí i pé, “Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n,” á mú ọ̀pá náà, á tún tì í bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Bàbá á dúró dè é títí á fi fà á jáde.