Ọkọ̀ Àtijọ́ ní Turin àti Padua

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ń gbé ní Turin, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó wà ní Corso Unità d'Italia. Níbẹ̀ ni Itala tí Ọmọ ọba Scipione Borghese fi gba ipò kìíní láti Peking dé Paris ní 1907 wà. Fiat 8V, tí wọ́n ṣe ní ìlú yìí láti 1952 sí 1954, kò ju 114 lọ ní gbogbo ayé.

Padua ni àwọn olùkójọ ọkọ̀ ti ń ná ọjà wọn lọ́dọọdún títí di 2022. Ní 2023 ọjà náà ṣí lọ sí Bologna. Ọ̀dà tó ń dán kì í tàn wọ́n jẹ. Nọ́ńbà ara ṣáásì àti ti ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń wò. Bí kò bá bá ìwé ọkọ̀ mu, owó já wálẹ̀ nìyẹn.

Mo ronú kan ìjàpá, Volkswagen tí a bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Èkó ní 1975. Púpọ̀ nínú wọn ni àwọn oníirin àlòkù ti gé wẹ́wẹ́. Bí ti bàbá yín bá ṣì wà lẹ́yìnkùlé, ẹ tètè ránṣẹ́ sílé: kí wọ́n bò ó kúrò lọ́wọ́ òjò, kí wọ́n sì wá ìwé rẹ̀ rí.