Skríìnì Ṣú, Àmọ́ Ẹ̀rọ Ò Kú: Ohun Tí Driver Tuntun Fi Ojú Mi Rí

Ọ̀rọ̀ tòní kàn mí gan-an.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, mo ní fídíò tí mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Láptọ́ọ̀pù mi ò lè gbé e, ni mo bá yá kọ̀ǹpútà Windows tó ní GPU lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn iṣẹ́ wákàtí mẹ́rin, mo ní kí n ṣe update driver GPU náà kó lè yá sí i. Mo tún un tàn. Àmì Windows yọ, ó yí díẹ̀, ló bá ṣú dùùdù. Mo dúró títí, kò sí nǹkan kan. Ó kù díẹ̀ kí n tẹ bọ́tìnnì tó máa tún Windows gbé kalẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ mi ì bá ti wọmi nìyẹn.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? VM ni ohun tí mo yá: kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwíà bíi VMware tàbí QEMU dá sínú kọ̀ǹpútà ńlá míì. Kò ní skríìnì tirẹ̀. Sọ́fítíwíà yẹn ló ń fún un ní káàdì àwòrán àfarawé, ohun tó bá sì wà lórí káàdì yìí nìkan ni console lè fi hàn wá.

GPU gidi wá jẹ́ káàdì kejì. Bí driver rẹ̀ bá ti wọlé, Windows lè sọ ọ́ di skríìnì àkọ́kọ́, kó sì kó gbogbo àwòrán lọ síbẹ̀. Console ṣì ń wo ibi àtijọ́. Ó dà bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé pálọ̀ nígbà tí gbogbo ará ilé ti kó lọ sẹ́yìnkùlé. Èèyàn wà nílé o, fèrèsé yẹn ni kò kọjú sí wọn. Ìdí nìyẹn tí àmì Windows fi kọ́kọ́ yọ: driver ò tíì wọlé nígbà yẹn.

Torí náà, bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́. Ẹ gba ọ̀nà míì wọlé:

1. Ẹ lo Remote Desktop. Ó ní skríìnì tirẹ̀, kò dúró de console.
2. Bẹ́ ẹ bá ti wọlé, ẹ ṣí Device Manager, ẹ wá GPU náà, kẹ́ ẹ tẹ Roll Back Driver. Driver àtijọ́ á padà.
3. Bí Remote Desktop ò bá ṣí, ẹ gbìyànjú Safe Mode. Driver GPU kì í wọlé níbẹ̀, console á tún ríran.
4. Bó bá jẹ́ Linux, ẹ gba SSH wọlé.

Èmi fi fóònù mi ṣe ti Remote Desktop. Iṣẹ́ mi wà níbẹ̀ bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo dá driver padà, mo parí fídíò, mo fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Nígbà míì, kí n tó fọwọ́ kan driver, mo máa ń ṣe nǹkan mẹ́ta: mo máa kó iṣẹ́ mi síbòmíì, mo máa dán Remote Desktop wò, mo máa pa VM náà kí n sì gba snapshot. Ẹ̀yin náà, ẹ wá ilẹ̀kùn kejì kí ti àkọ́kọ́ tó tì.

Ó dìgbà kan ná o.