Ìdámọ̀ àti Ìsọlórúkọ Ẹ̀yà Ejò Tuntun: Àpẹẹrẹ Sèbé

Yorùbá gbà pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀nà yìí náà ni àwọn onímọ̀ ẹranko ń tọ̀ bí wọ́n bá rí ejò tí kò tíì ní orúkọ nínú ìwé wọn.

Àpẹẹrẹ kan wà ní São Tomé, erékùṣù inú Òkun Gínì, òkun kan náà tí ó ń bì lu Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Àwọn ará ibẹ̀ ní ejò olóró kan tí wọ́n ń pè ní cobra-preta, èyí tí ó túmọ̀ sí ejò dúdú ní èdè Pọtogí. Ohun tí a ti ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni pé àwọn Pọtogí ni ó kó o wá láti máa pa eku, àti pé Naja melanoleuca, sèbé inú igbó tí Hallowell sọ lórúkọ ní 1857, ni. Ní 2017, Luis Ceríaco àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọ̀ ikùn ejò náà, wọ́n wo ìpẹ́ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, wọ́n sì yẹ àbùdá ìrandíran rẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni, ọmọ onílẹ̀ sì ni. Síbẹ̀, orúkọ atukọ̀ Pọtogí kan, Pero Escobar, ni wọ́n fi sọ ọ́: Naja peroescobari. Ní 2018, Wolfgang Wüster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀yà márùn-ún ni gbogbo ohun tí a ti ń pè ní Naja melanoleuca.

Nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ti ìdílé ni ó ń ṣáájú, ti ẹ̀yà a sì tẹ̀ lé e. Bí a bá gba sèbé fún ìdílé Naja, a lè sọ àwọn márààrún báyìí:

1. Naja melanoleuca: sèbé dúdú-funfun
2. Naja guineensis: sèbé igbó Gínì
3. Naja savannula: sèbé ọ̀dàn
4. Naja subfulva: sèbé aláwọ̀-ilẹ̀
5. Naja peroescobari: sèbé dúdú São Tomé

Nínú ti ìkarùn-ún, orúkọ tí àwọn onílẹ̀ ń pe ejò wọn ni a tẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti inú ìwé lọ. Sèbé dúdú-funfun ni ti igbó gúúsù Nàìjíríà. Ó mọ omi í wẹ̀, ó sì ń jẹ ẹja, nítorí náà àbàtà etí òkun bá a lára mu. Ṣùgbọ́n ọká ni àwọn kan ń pe sèbé, nígbà tí àwọn mìíràn ń fi ọká pe ejò kíki, kúkúrú, tí ń ba sábẹ́ ewé. Oró sèbé a máa mú iṣan rọ títí èémí yóò fi dá. Oró ejò kíki náà a máa ba ẹran ara jẹ́, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí a bá gbé ẹni tí ejò bù ṣán dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, tí a sọ pé ọká ni, èwo nínú méjèèjì ni kí ó máa ṣọ́?

Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ tó wọ inú ìwé atúmọ̀, ó yẹ kí a gbé àwòrán ejò kọ̀ọ̀kan síwájú àwọn apẹja Ayétòrò àti àwọn ọdẹ òkè ilẹ̀, kí a sì kọ ohun tí oníkálukú ń pè é sílẹ̀.